Tutu: Aṣọ Ijó Ballet àti Ipa Rẹ̀ Nínú Oge Àtijọ́

Tutu ni síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀n tí àwọn obìnrin oníjó ballet, ijó ìtàgé ilẹ̀ Yúróòpù, máa ń wọ̀ lórí ìtàgé. Ìpele-ìpele aṣọ nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń rán an, wọn a sì so ó mọ́ apá òkè tó fún mọ́ ara pinpin láti àyà dé ìbàdí. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù. Tutu romáńtíìkì gùn, ó rọ̀, ó sì máa ń dé agbede méjì ojúgun. Tutu kíláṣíìkà kúrú, ó le, ó sì nà síta yí ìbàdí ká bí àwo pẹrẹsẹ. Ìlú Paris ni ti àkọ́kọ́ ti gbilẹ̀. Rọ́ṣíà ni èkejì ti rí ìjókòó, àmọ́ àwọn oníjó ará Ítálì ló gbé e débẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18, irú aṣọ tí àwọn obìnrin ààfin ń wọ̀ ni oníjó ń wọ̀ lọ sórí ìtàgé ní Paris: ó gùn, ó wúwo, férémù sì gbé e sókè ní ìbàdí. Ẹsẹ̀ kì í hàn, kí wá ni oníjó yóò fi ẹsẹ̀ dárà fún? Oníjó kan, Marie Camargo, gé etí aṣọ tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí òǹwòran lè rí i bó ṣe ń fò sókè tó sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ara wọn kó tó balẹ̀. Ohun tó gé kò ju kí ọrùn ẹsẹ̀ hàn lọ, síbẹ̀ ó dá awuyewuye sílẹ̀. Ní 1734, oníjó mìíràn, Marie Sallé, bọ́ férémù ìbàdí dànù ní London, ó sì fi aṣọ mọ́sílíìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jó.

Ọjọ́ tí a lè pè ní ọjọ́ ìbí tutu ni 12 Oṣù Kẹta 1832. Lọ́jọ́ náà, Marie Taglioni jó eré ballet La Sylphide, èyí tí bàbá rẹ̀, Filippo Taglioni, gbé kalẹ̀ ní ilé ìtàgé Opéra Paris. Iwin ló ń ṣe nínú eré náà, síkẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ sì di àwòkọ́ṣe fún àwọn tó tẹ̀lé e, pàápàá lẹ́yìn tí eré ballet Giselle jáde ní 1841. Eugène Lami ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó ya àwòrán aṣọ náà. Ohun méjì tí kò ti ọ̀dọ̀ oníjó wá ló là á lọ́nà. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ ìhun-àwọ̀n tí John Heathcoat gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní England ní 1809. Ẹ̀rọ yìí sọ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ hun di ọjà tó pọ̀ tó sì rọjú. Èkejì ni iná gáàsì, tó wọ Opéra ní 1822: aṣọ funfun a máa dán nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò ní ìwúwo rárá.

Iná yìí kan náà ló ń pa àwọn oníjó. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá kì í pẹ́ gbiná. Ní Oṣù Kejìlá 1844, aṣọ oníjó Clara Webster gbiná lórí ìtàgé ilé Drury Lane ní London, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi kú. Ní 1861, irú rẹ̀ pa oníjó mélòó kan ní Philadelphia, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà lára wọn. Ti oníjó Emma Livry ni ìtàn dì mú jù. Taglioni fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ ọ sọ́nà nínú iṣẹ́. Ní 15 Oṣù Kọkànlá 1862, nígbà ìdánrawò ní Opéra Paris, iná ìtàgé ràn mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kó tó kú ní Oṣù Keje 1863. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù ni pé oògùn tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí kó má baà gbiná ti wà. Jean-Adolphe Carteron ló ṣe é, àṣẹ ìjọba sì ti wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń mú aṣọ le, ó sì ń pa funfun rẹ̀, Livry sì kọ̀ ọ́. Ìyókù aṣọ tó jóná náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Opéra.

Nígbà tó fi máa di ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn ará Ítálì ti mú ijó le sí i. Virginia Zucchi dé St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ní 1885, ó sì fàáké kọ́rí pé síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú lòun yóò wọ̀. Ní 1895, Pierina Legnani fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yí po nígbà 32 léraléra nínú eré ballet Swan Lake. Síkẹ́ẹ̀tì Taglioni ì bá ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí a bá wo ìtàn náà dáadáa, ẹsẹ̀ oníjó ló gé aṣọ yìí kúrú ju sísọ́ọ̀sì aránṣọ lọ.

Rírán tutu kíláṣíìkà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìpele nẹ́ẹ̀tì máa ń tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara pátá ni wọ́n ń rán wọn mọ́: èyí tó kúrú jù wà nísàlẹ̀, èyí tó gùn jù wà lókè. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ yóò fi ọwọ́ gán àwọn ìpele náà pọ̀ níbi mélòó kan, kí wọ́n má baà yà síra. Nínú àwọn tó nà gan-an, wáyà irin kan máa ń gba inú ìpele kan kọjá. Ìlà ìkọ́ mélòó kan ló máa ń wà lẹ́yìn apá òkè, kí aṣọ kan lè ba oníjó púpọ̀ mu. Orúkọ àwọn tó ti wọ̀ ọ́ sì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Wọn kì í sáré fọ̀ ọ́; ní ọ̀pọ̀ ilé ìtàgé, ọtí vodka ni wọ́n ń fọ́n sí abẹ́ apá láti pa òórùn òógùn. Bí wọ́n bá sì ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n a máa dorí rẹ̀ kodò kí nẹ́ẹ̀tì má wọ́. Ní 1950, aránṣọ ìtàgé Barbara Karinska yọ wáyà kúrò nínú tutu tó rán fún Symphony in C, ijó tí George Balanchine gbé kalẹ̀, ní New York. Ó dín ìpele kù, ó sì jẹ́ kó rọ̀, kí síkẹ́ẹ̀tì àwọn oníjó tó tò súnmọ́ra má baà máa kọlu ara wọn.

Aṣọ ìgboro kò gbẹ́yìn. Ní 12 Oṣù Kejì 1947, aránṣọ oge Christian Dior gbé ìbàdí tín-ín-rín àti síkẹ́ẹ̀tì tó gbòòrò jáde ní Paris. Margot Fonteyn, oníjó ará Britain, wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Rose Repetto bẹ̀rẹ̀ sí í rán bàtà ijó fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ oníjó, Roland Petit, kó tó di pé ó ṣe bàtà pẹlẹbẹ fún òṣèré fíìmù Brigitte Bardot ní 1956. Yẹ̀rì nẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù tó ń gbé gáùn sókè gbòde ní àwọn ọdún 1950, ó sì wà lára ohun tí àwọn olùfẹ́ aṣọ àtijọ́ ń wá kiri títí di òní. Aránṣọ oge Vivienne Westwood tún gbé férémù abẹ́ aṣọ padà ní kúkúrú ní 1985, lẹ́yìn tó rí aṣọ eré ballet Petrushka.

Tutu tó lókìkí jù nínú tẹlifíṣọ̀n kò wá láti ilé ballet kankan. Inú àpótí ọjà tí wọ́n ń ta ní dọ́là márùn-ún ni Patricia Field, tó ń ṣètò aṣọ eré, ti rí èyí tí òṣèré Sarah Jessica Parker wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré Sex and the City ní 1998. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní $52,000 ní 2024. Gbàǹjo ojúlówó aṣọ ìtàgé ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú: láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ilé gbàǹjo Sotheby's ti ń lu aṣọ ẹgbẹ́ oníjó Ballets Russes ní gbàǹjo ní London. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé National Gallery of Australia ra púpọ̀ nínú wọn ní 1973. Òmíràn wà ní Victoria and Albert Museum. Apá òkè ló sábà máa ń pẹ́ jù, nítorí nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n fi òwú tàbí ṣẹ́dà hun máa ń pọ́n, a sì máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.