Yúníọ̀n ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n àwọn ọ̀gá náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ilé ìwé aládàáni ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń kọ eléyìí sí, torí ó ti sú mi kí n máa gbọ́ ọ pé yúníọ̀n ò kàn wá, pé ti àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ni.

Oṣù kẹjọ 1897, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní PWD, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ìjọba òyìnbó, l'Ékòó dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta torí gómìnà McCallum dédé yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, wọn ò tiẹ̀ ní yúníọ̀n kankan nígbà yẹn o, wọ́n kàn fẹnu kò ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1912. Àwọn tíṣà dá NUT sílẹ̀ ní 1931, Reverend Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́. Òfin 1938 wá gbà pé kí yúníọ̀n forúkọ sílẹ̀, èèyàn márùn-ún péré ti tó.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti Michael Imoudu, olórí yúníọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1943 ìjọba òyìnbó lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n tún ní kó lọ máa gbé Auchi, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹni tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n yọ kúrò láàárín wọn. Nígbà tó padà dé Èkó ní Júùnù 1945, èrò rẹpẹtẹ ló lọ pàdé ẹ̀, oṣù yẹn ò sì parí tí ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò fi bẹ̀rẹ̀, torí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ ò kúrò lójú kan. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ṣe àwa náà nìyẹn. Nílé ìwé tí mo wà tẹ́lẹ̀, àwa mẹ́sàn-án jókòó sí kíláàsì lẹ́yìn táwọn ọmọ lọ tán, a fọwọ́ sí lẹ́tà pé kí wọ́n yé yọ owó wa torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá téèyàn fi pẹ́. Ọjọ́ kejì, Mọ́mì tó ni ilé ìwé ń pè wá wọ ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà yẹn wà lórí tábìlì, bíírò pupa wà lórí ẹ̀. "Ọmọ mi, ṣebí ẹbí ni wá níbí? Fagi lé orúkọ ẹ." Nígbà tó kàn mí, orúkọ mẹ́fà ti ní ìlà pupa. Mi ò fagi lé tèmi. Bùọ̀dá tó kọ lẹ́tà náà, wọn ò pè é padà nígbà tá a wọlé tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀ lé e.

Abala 40 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún gbogbo èèyàn láyè láti wọ yúníọ̀n, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì wà ní Àkúrẹ́ níbí. Èèyàn márùn-ún ti 1938 ti di 50 báyìí fún yúníọ̀n tuntun. Ẹni tó bá wà nílé ìwé míì tó sì fẹ́ ká jọ ka ara wa, kó kàn sí mi.