Òdòdó kọ́ ló ń pe ejò wá sílé

"Ẹ má gbin fúláwà sílé o, ejò lẹ ń pè yẹn." Bóyá la fi rí ẹni tó kọ́lé tuntun ní Ọbáńtokò, Àdìgbẹ tàbí ọ̀nà Alábàtà, ní Abẹ́òkúta, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu aládùúgbò, bíríkìlà tàbí ìyá ọkọ. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á ní kí onílé da sìmẹ́ǹtì tàbí ìntálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìnkùlé, kí ọkàn lè balẹ̀.

Ìbẹ̀rù náà ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé èèyàn tí oró ejò ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún tó 81,000 sí 138,000, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n orí òdòdó kọ́ ló yẹ ká gbé ẹ̀bi yìí kà.

Ejò kì í jẹ ewé, kì í jẹ òdòdó, kì í mu oje igi. Kò sí irú ejò kan láyé tí kì í ṣe ẹran ló ń jẹ: eku, ọ̀pọ̀lọ́, aláǹgbá, ẹyẹ, ẹyin, nígbà mìíràn ejò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ahọ́n tí a ń rí tó ń yọ síta yẹn, òórùn ló fi ń kó, kó lè mọ ibi tí ẹran gbà kọjá. Lẹ́yìn oúnjẹ, ibi tó ṣókùnkùn tó lè sá pamọ́ sí ló kù tó ń wá. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni ejò ń dúró sí, sìmẹ́ǹtì ì báà bo ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo kọ́m̀páǹdì tí wọ́n ti dì pa náà. Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù nígbà ìkọ́lé ṣì wà lẹ́yìn kíṣìnì, páànù àtijọ́ wà lórí rẹ̀, pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé adìẹ ń bẹ ní kọ̀rọ̀, oúnjẹ adìẹ ń dà sílẹ̀, eku ń wá a jẹ lóru. Gọ́tà tí kò ní ìdérí gba abẹ́ fẹ́ǹsì bọ́ sínú igbó ẹ̀yìn ilé. Bí paramọ́lẹ̀ tàbí ṣèbé bá gba ibẹ̀ wọlé, kí ló kan òdòdó níbẹ̀? Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká wó ilé adìẹ nítorí ejò, bẹ́ẹ̀ mo ti rí òdòdó Hibiscus tó ń tanná dáadáa tí wọ́n hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdún tí èèyàn kó wọ ilé tuntun ló sábà máa ń gbin òdòdó. Ọdún yẹn kan náà ni katakátá ń ro igbó àyíká, tó ń fọ́ òkìtì ọ̀gán tí ejò ti ń gbé kí onílé tó dé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iná ìgbẹ́ á lé e jáde. Nígbà òjò, omi á kún ihò rẹ̀. Bó bá wá yọ nílé tí òdòdó wà, òdòdó ló pè é. Bó bá yọ nílé tí kò sí òdòdó, wọ́n á ní aráyé ló rán an.

Sìmẹ́ǹtì yìí sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta, àpáta ò sì lè mu omi. Ilẹ̀ díẹ̀ tó lè mu ún, bí a bá tún dì í pa, orí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ni omi náà ń dà lé. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí àgbàrá oṣù Keje ọdún 2018 mọ ohun tí mò ń wí. Ẹyẹ, oyin àti labalábá náà ò ní ibi tí wọ́n á bà sí.

Ọgbà tí mo ń sọ kì í ṣe igbó o. Ẹ fi bíi mítà kan sílẹ̀ yí ògiri ilé ká láìgbin ohunkóhun, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ohun kúkúrú ni kó tẹ̀ lé e, kí igi ńlá wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì, kí ẹ sì gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn kí ojú lè rí ilẹ̀ abẹ́ wọn. Ẹ̀ka kankan ò gbọdọ̀ kan òrùlé tàbí fèrèsé. Bí àpáta bá wà nínú kọ́m̀páǹdì, ẹ di àlàfo èyí tó bá sún mọ́ ilé. Owó tí àwọn kan fi ń ra imí ọjọ́ tàbí kẹrosíìnì láti fi wọ́n àyíká, ìdérí gọ́tà ni kí ẹ fi rà, torí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kì í dá ejò dúró. Aláǹgbá àti ọ̀pọ̀lọ́ á wá sínú ọgbà lóòótọ́, ejò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tí ojú rí kedere ni kì í jẹ́ kó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé.

Ọ̀pọ̀ ọgbà ní Abẹ́òkúta máa ń dára láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ á sì dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ. Ibi tí ewúro ti wúlò nìyí. Ẹ fi ìdí kan sílẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì láìjá a mọ́, kó ga. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń tanná funfun, oyin á bò ó. Mángòrò náà ń tanná lásìkò yẹn. Nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí ẹfinrin díẹ̀ yọ òdòdó. Ixora àti Hibiscus kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìsinmi, inú Hibiscus sì ni ẹyẹ kékeré tí àyà rẹ̀ ń dán, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, ti ń mu oje. Bí ẹ bá rí kòkòrò kékeré tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé òrombó, ẹ má fín oògùn sí i. Labalábá ńlá aláwọ̀ dúdú àti ìyeyè ni yóò dà, igi òrombó tó ti dàgbà ò sì ní kú nítorí ìwọ̀nba ewé tó jẹ.

Ẹ gbé àwo omi tí kò jìn síta fún ẹyẹ, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì kí ẹ̀fọn má baà pa ọmọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má da ìrẹsì tàbí àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí ẹyẹ ò jẹ tán ni eku ń jẹ, eku yẹn gan-an ni ejò ń tọ̀ wá. Ìbẹ́pẹ ni kí ẹ gbìn fún wọn, kí ẹ fi èyí tó pọ́n lókè sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì kó mángòrò tó bá jábọ́ kúrò nílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.