Ìdè kẹ́míkà àti ipò ohun nínú ẹ̀kọ́ girama

Ìdè kẹ́míkà ni agbára tó so átọ̀mù mọ́ átọ̀mù. Ipò ohun ni bí ohun ṣe wà: líle, olómi tàbí gáàsì. Nínú ìwé kẹ́mísírì ilé-ẹ̀kọ́ girama, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sábà máa ń bá àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó lè yé akẹ́kọ̀ọ́ yékéyéké láìsí ìkejì, nítorí irú ìdè tó wà nínú ohun ló ń pinnu bí iná yóò ṣe pọ̀ tó kí ó tó yọ́ tàbí kí ó tó hó.

Ọdún 1916 ni ìpìlẹ̀ ohun tí à ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìdè lónìí. Lọ́dún náà, Walther Kossel ará Jámánì ṣàlàyé pé átọ̀mù kan lè fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún kékeré inú átọ̀mù, sílẹ̀ fún òmíràn, kí méjèèjì di áyọ̀nù, ìyẹn átọ̀mù tó ti pàdánù tàbí gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó ń fa ara wọn mọ́ra. Gilbert N. Lewis ní Amẹ́ríkà sọ pé átọ̀mù méjì lè jọ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. Irú ìdè kejì yìí ni Irving Langmuir pè ní kofalẹ́ǹtì ní 1919. Àmì tótòtó tí Lewis ń yà yí lẹ́tà átọ̀mù ká ṣì wà nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni omi híhó. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tó wà nínú ìhó roboto tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a ní afẹ́fẹ́ ni, tàbí háídírójìn àti ọ́ksíjìn. Oru omi ni. Mólékù omi, ìyẹn àwọn átọ̀mù tí ìdè so pọ̀, ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, háídírójìn méjì àti ọ́ksíjìn kan. Oríṣi ìfàmọ́ra méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ níhìn-ín: èyí tó wà nínú mólékù, àti èyí tó wà láàárín mólékù kan sí èkejì, tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Láti sọ mólù omi kan (mólù ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye mólékù), ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 18, di oru, nǹkan bíi kílójúùlù 41 ló ń gbà; kílójúùlù ni òṣùwọ̀n agbára. Láti já gbogbo ìdè inú àwọn mólékù náà, ó lé ní kílójúùlù 900. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ iye méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó, nítorí wọ́n ń là á yé ju àlàyé gígùn lọ.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yàtọ̀. Iyọ̀ líle kò ní mólékù: áyọ̀nù kílóráìdì (áyọ̀nù kílórínì) mẹ́fà ló yí áyọ̀nù sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká, áyọ̀nù sódíọ̀mù mẹ́fà ló sì yí kílóráìdì kọ̀ọ̀kan ká. Kò sí ìfàmọ́ra kékeré kankan tí iná lè kọ́kọ́ borí, ìdè náà fúnra rẹ̀ ni; ìdí nìyí tí iyọ̀ kì í fi yọ́ títí yóò fi gbóná dé 801 °C. Àwòrán sódíọ̀mù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílórínì kan, tó kún inú ìwé, máa ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ó sàn kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kéékèèké to iyọ̀ fúnra wọn. Gáàsì méténì ní tirẹ̀ ń hó ní nǹkan bíi −161 °C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdè inú mólékù rẹ̀ le dáadáa, nítorí ìfàmọ́ra kékeré àárín mólékù nìkan ni ooru ní láti borí.

Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tó láti fi àlàfo inú gáàsì hàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fa afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ó wá ti ọ̀pá rẹ̀: yóò wọlé, yóò sì ta padà bí ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fi omi dánra wò, kò ní mì. Èyí tún ń wúlò fún àwọn tó gbà pé ooru ń mú kí mólékù fúnra rẹ̀ wú. Àlàfo àárín wọn ló ń fẹ̀.

Èrò mìíràn tó ṣòro láti tú ni pé jíjá ìdè ló ń mú agbára jáde. Jíjá ń gba agbára, síso ló ń tú u sílẹ̀. Kílójúùlù tó lé ní 900 tí a ní láti ná kí a tó já ìdè inú mólù oru omi kan, iye kan náà ni àwọn átọ̀mù náà yóò tú sílẹ̀ bí wọ́n bá tún so pọ̀.