Ṣé obìnrin lórí bọ́ọ̀dù ló ń mú kí iléeṣẹ́ jèrè?

Wọ́n máa ń sọ pé iléeṣẹ́ tí obìnrin bá pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń darí iléeṣẹ́, máa ń jèrè ju àwọn tó kù lọ. Téèyàn bá kó ìwé ìṣirò wọn jọ ó lè rí i bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èwo ló kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì? Torí iléeṣẹ́ tó ti lówó tẹ́lẹ̀, tó tóbi, tí ojú ayé wà lára ẹ̀, òun náà ló máa ń tètè fi obìnrin sórí bọ́ọ̀dù, ó wá lè jẹ́ pé èrè ti wà nílẹ̀ kí obìnrin tó wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Norway ti wúlò nìyẹn. Ní 2003 wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé lórí bọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ ńlá tí ará ìlú lè ra ṣíà ẹ̀, obìnrin ò gbọ́dọ̀ dín ní 40 pásẹ́ǹtì, ọkùnrin náà ò sì gbọ́dọ̀ dín. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí kálukú fínnúfíndọ̀ ṣe é, ọ̀pọ̀ ò dá wọn lóhùn, ìgbà tó di 2006 ni wọ́n sọ ọ́ di dandan, pé tó bá fi máa di 2008 iléeṣẹ́ tí ò bá tíì ṣe é, wọ́n máa tú u ká. Àwọn iléeṣẹ́ kan yí ara wọn padà kúrò ní irú èyí tí òfin yẹn mú, àwọn tó kù ṣe é, èyí tó ń jèrè àtèyí tó ń jẹ gbèsè.

Àwọn olùṣèwádìí méjì, Ahern àti Dittmar, ṣírò ó ní 2012, wọ́n ní iye tí àwọn iléeṣẹ́ náà tó lọ sílẹ̀, torí àwọn tí wọ́n sáré kó wọlé ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ìrírí wọn nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ò sì tíì pọ̀. Àwọn míì tún un ṣírò, wọn ò rí àdánù tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé òfin ló fà á.

Bọ́ọ̀dù kì í kúkú tajà. Wọ́n ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, wọ́n ń lé e, wọ́n ń yẹ ìwé owó wò, ibẹ̀ gan-an sì ni obìnrin ti ń hàn: àwọn olùṣèwádìí míì, Adams àti Ferreira, wo àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé obìnrin kì í pa mítìn jẹ bíi ti ọkùnrin, tí obìnrin bá sì pọ̀ níbẹ̀ àwọn ọkùnrin fúnra wọn á máa wá dáadáa. Àmọ́ níbi tí bọ́ọ̀dù ti ń ṣọ́ ọ̀gá àgbà lójú méjèèjì tẹ́lẹ̀, àfikún ìṣọ́ yẹn lè di àṣejù kó dín èrè kù.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló dunni jù. Olùṣèwádìí kan, Bertrand, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn iléeṣẹ́ Norway yẹn kan náà, àwọn tí ò sí lórí bọ́ọ̀dù, wọn ò rí àǹfààní kan gbòógì tí òfin náà ṣe fún wọn.