Òfin Ìfitónilétí Ìṣúra àti Ohun Àtijọ́ Inú Ilẹ̀

Òfin ìfitónilétí ìṣúra ni òfin tó ní kí ẹni tó bá rí ohun iyebíye tàbí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ sọ fún ìjọba, kó má tà á, kó má sì gbé e pamọ́. Ohun tí òfin ń pè ní ìṣúra àti ẹni tó máa di tirẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní Róòmù àtijọ́, Ọba Hadrian pàṣẹ pé ẹni tó bá rí ìṣúra lórí ilẹ̀ onílẹ̀ yóò bá onílẹ̀ pín in dọ́gba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba ló ni wúrà àti fàdákà tí wọ́n bá hú, bó bá jẹ́ pé ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ fẹ́ padà wá mú un. Èyí sọ àwọn adájọ́ di ẹni tó ń wá ohun tó wà lọ́kàn òkú. Nígbà tí wọ́n hú sàréè inú ọkọ̀ ojú omi ní Sutton Hoo lọ́dún 1939, ìgbẹ́jọ́ sọ pé ẹni tó kó ẹrù ti òkú kò ní in lọ́kàn láti padà wá kó o. Edith Pretty, tó ni ilẹ̀ náà, ni ẹrù náà bọ́ sí lọ́wọ́, òun ló sì fi ta British Museum lọ́rẹ.

Òfin ọdún 1996

Treasure Act 1996, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997 ní England, Wales àti Northern Ireland, fòpin sí ìbéèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó rì í mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ti pé 300 ọdún, tí wúrà tàbí fàdákà inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 10 nínú 100, ìṣúra ni. Owó ẹyọ kan ṣoṣo kì í sábà jẹ́ ìṣúra. Ìkòkò amọ̀ tí owó wà nínú rẹ̀ náà di ìṣúra. Ẹni tó rí i ní ọjọ́ 14 láti fi tó coroner létí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó tún ń wádìí ikú òjijì. Ẹni tó bá dákẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura. Bí mùsíọ́ọ̀mù bá fẹ́ ẹ, ìgbìmọ̀ kan yóò díye lé e, ẹni tó rí i àti onílẹ̀ yóò sì sábà pín owó náà dọ́gba.

Òfin yìí ní ihò. Àṣíborí Róòmù tí wọ́n rí ní Crosby Garrett lọ́dún 2010 kì í ṣe ìṣúra lójú òfin, torí pé idẹ ni. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn, kò sì dé mùsíọ́ọ̀mù tó ń wá a. Láti ọdún 2023, ohun onírin tó ti lé ní 200 ọdún, tó sì ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ti wọ inú òfin.

Bí wọ́n ṣe bá a nínú ilẹ̀

Lójú awalẹ̀pìtàn, ibi tí nǹkan wà àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ. Ní Hoxne, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1992, Eric Lawes ń fi ẹ̀rọ aṣàwárí irin wá òòlù tó sọ nù lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, ló bá kan owó wúrà àti ṣíbí fàdákà. Kò gbẹ́ ẹ tán; wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, àwọn awalẹ̀pìtàn sì dé lọ́jọ́ kejì. Nítorí èyí ni wọ́n fi rí àmì àpótí igi tó ti jẹrà, àwọn àpótí kéékèèké inú rẹ̀, àti koríko tí wọ́n fi ká ẹrù mọ́. Òòlù náà wà ní British Museum báyìí.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní Scotland, ohun àtijọ́ tí kò ní olówó, wúrà ni o, amọ̀ ni o, ti Adé ni, ìyẹn ìjọba ọba. Òfin danefæ ti Dẹ́nmáàkì náà kó ìṣúra fún ìjọba, ìjọba sì ń san ẹ̀bùn fún ẹni tó rí i. Ítálì fúnni ní wákàtí 24 péré, ẹ̀bùn rẹ̀ kì í sì í kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin iye ohun náà.

Ní Jámánì, àwọn tó hú àwo ojú ọ̀run ti Nebra, ìyẹn àwo idẹ àtijọ́ tí wọ́n fi wúrà ṣe òṣùpá àti ìràwọ̀ sí lára, lọ́dún 1999 kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n tà á ní kọ̀rọ̀, kí ọlọ́pàá tó gbà á padà ní Basel lọ́dún 2002. Títí di òní, àwọn awalẹ̀pìtàn kan ṣì ń bá ara wọn jiyàn bóyá ibi kan náà ni àwo yìí àti àwọn idà tí wọ́n tà pẹ̀lú rẹ̀ ti jáde.