Báwo ni awakọ̀ tìrélà tó jókòó sókè bẹ́ẹ̀ ò ṣe ní rí mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ kan ní oríta kan ní Kábà, tìrélà kan tó kó símẹ́ńtì fi taya ẹ̀yìn ha ẹ̀gbẹ́ Gọ́ọ̀fù mi, láti ilẹ̀kùn iwájú títí dé ẹ̀yìn. Èmi àti ọmọ mi la wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó fara pa. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ti múra ìjà. Awakọ̀ náà yọjú, ó ní, "Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dákun, mi ò rí yín." Ìkíni yẹn rọ̀ mí díẹ̀, ọmọ ilé ni. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ tẹ̀ lé e tún mú inú bí mi. Ẹni tó ga tó òrùlé ilé, tó ń wo àtàrí gbogbo wa láti òkè, òun ni kò rí mọ́tò pupa fòò? Ó ní kí n gun orí ìjókòó òun, kí n fojú ara mi wò ó. Mo gùn ún. Mo ti ròyìn ẹ̀ káàkiri láti ìgbà náà, àwọn èèyàn sì ń bi mí léèrè, pàápàá àwọn tó ń gba ọ̀nà Ọbajánà sí Kábà, tàbí Kábà sí Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí tìrélà ti pọ̀ bí eṣú. Díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn rèé.

Ìbéèrè: Kí lẹ rí nígbà tí ẹ gun ibẹ̀?

Mo rí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Mo rí orí páànù àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo rí ẹrù tó wà lórí bọ́ọ̀sì kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo tiẹ̀ lè ka àpò gààrí tó wà níbẹ̀. Mo wá ní kí ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mú kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tó wà nínú bùútù wa dání, kó máa rìn yí tìrélà náà ká.

Iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ imú ọkọ̀ ló ń kúrú. Mo rí i dé àyà, mo rí orí nìkan, lẹ́yìn náà mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ó wà níbẹ̀ o, ó ń fi kẹ́ẹ̀gì lu irin iwájú, gbì, gbì, gbì. Mò ń gbọ́ ọ, mi ò rí i. Nígbà tó yí sápá ọ̀tún, mo na ọrùn wo dígí: taya, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, títì. Ọmọ ò sí. Mo ké sí i pé níbo ló wà, ó ní, "Dádì, mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn." Ẹ̀yìn ò ṣeé sọ, ẹrù ti dí gbogbo ẹ̀ pa. Apá òsì, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí gan-an, ni mo ti tètè rí i padà, níbẹ̀ náà ó kọ́kọ́ wọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó yọ.

Ara mi bù máṣọ. Mo ti rìn gba iwájú irú ọkọ̀ yẹn kọjá, àìmọye ìgbà, bó bá dúró ní ojú títì.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé bó ṣe ga yẹn ló yẹ kó fi máa ríran jù wá lọ?

Ó ń ríran jù wá lọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìtòsí ni gíga náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń gun ọ̀pẹ. Tó bá ti dé orí ọ̀pẹ, á máa rí èéfín abúlé kejì, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó dúró sídìí ọ̀pẹ náà, imọ̀ ọ̀pẹ ti dí i. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ń pariwo kó tó gé ìdì ẹyìn sílẹ̀.

Ojú awakọ̀ tìrélà fi nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ ga kúrò nílẹ̀, ìsàlẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ náà sì ga ju orí ọmọdé lọ. Ojú ní láti fò kọjá etí dígí yẹn kó tó balẹ̀, ibi tó sì máa ń balẹ̀ sí jìnnà sí imú ọkọ̀. Gbogbo àárín yẹn, kọ̀rọ̀ ni. Èyí tó gbé ẹ́ńjìnnì síwájú, irú Mack olórí gbọọrọ, tún burú ju aláìnímú lọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí olórí gbọọrọ ti pọ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn pé kọ̀rọ̀ iwájú tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tẹ̀yìn tó 30, tòsì fẹ̀ tó ojú ọ̀nà kan, tọ̀tún fẹ̀ tó méjì. Méjì! Púpọ̀ nínú títì tiwa, méjì ni gbogbo ẹ̀, àlọ àti àbọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀tún ló burú jù?

Nítorí òsì ni awakọ̀ jókòó sí, ọ̀tún ló jìnnà sí i. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wà látilẹ̀. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń rìn lápá òsì títì làwa náà ń rìn, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà bọ́ sápá ọ̀tún. Ìjókòó awakọ̀ wá bọ́ sápá òsì ọkọ̀, kó lè ṣì wà ní ìhà àárín títì. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ yọjú wo iwájú kó tó ya ọkọ̀ míì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó kù sápá kejì. Etí títì ni, ibẹ̀ làwọn ọmọ iléèwé ń tò lọ ní ìlà, ibẹ̀ làwọn ìyá tó ru ẹrù oko ń gbà, ibẹ̀ lọlọ́kadà ń sáré yọ sí tí ọ̀nà bá dí. Gbogbo ẹni tí kò ní irin kankan lára ni kọ̀rọ̀ tó tóbi jù lọ yẹn kó pọ̀ mọ́ra.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òdìkejì ẹ̀ ni: òsì ni kọ̀rọ̀ ńlá wà, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló sì ń há sí i. Wọ́n wá ṣe òfin níbẹ̀, wọ́n ń fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní ìràwọ̀, láti òdo dé márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ohun tí awakọ̀ lè fi ojú lásán rí láti orí ìjókòó. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èyí tí kò bá pé ìràwọ̀ mẹ́ta, ó di dandan kó fi kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ kún un kó tó lè máa ná ìlú náà.

Ìbéèrè: Ṣebí dígí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀?

Ó wà. Dígí tó yọ ikùn síta ni púpọ̀ nínú wọn, kó lè kó ibi tó fẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun gbogbo di kékeré: mọ́tò tó ti dé ìgbátí rẹ̀, á dà bíi pé ó ṣì ń bọ̀. Ẹ wá fi eruku símẹ́ńtì kún un, ẹ fi ọ̀yẹ́ kún un. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi rọ́bà inú taya so mọ́ irin, tí ń gbọ̀n bí ẹni ibà dé sí. Mo ti rí èyí tí awakọ̀ sá tówẹ́ẹ̀lì lé.

Òfin kan tó rọrùn wà: tí ẹ bá wo dígí rẹ̀ tí ẹ ò rí ojú awakọ̀ nínú ẹ̀, òun náà ò lè rí yín. Ìyẹn dájú. Tí ẹ bá wá rí ojú rẹ̀, ẹ má tíì yọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀pà ló ń bó.

Ìbéèrè: Ẹ ní taya ẹ̀yìn ló ha yín. Ṣé kò mọ bí wọ́n ṣe ń yà kọ́nà ni?

Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́.

Taya ẹ̀yìn tìrélà kì í tọ ipasẹ̀ tiwájú. Bí orí bá ń ya kọ́nà, ara máa ń gé igun náà kúrú. Ẹni tó bá ti gbé ọparun gígùn gba kọ̀rọ̀ ilé kọjá mọ̀ ọ́n: iwájú á ti lọ tán, àárín ọparun á wá máa ha ògiri. Kí taya ẹ̀yìn má baà gun orí gọ́tà, awakọ̀ tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún á kọ́kọ́ fẹ̀ sósì. Ohun tó ṣe nìyẹn. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú sọ́tùn-ún, mo rí iná náà, ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ tó lọ sósì ni mo gbà gbọ́. Mo rí àyè gbàǹgbà lápá ọ̀tún, mo wọ̀ ọ́. Àyè yẹn, òun ló ṣí i sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ká ní ọ̀kadà ni mo gùn wọ ibẹ̀, mi ò ní máa kọ èyí.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń gun ọ̀kadà. Ó ní tóun bá ti tẹ họ́ọ̀nù, ó ti parí.

Kò parí. Ẹ́ńjìnnì ń bú, rédíò ń kọrin, họ́ọ̀nù ọ̀kadà nínú ìyẹn dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Kó tẹ̀ ẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n kó má fi ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ti rí òun. Kó fi ọ̀tún sílẹ̀ pátápátá. Tó bá máa kọjá, òsì ni, níbi tí ọ̀nà bá là, kó sì yára kọjá. Ẹ̀gbẹ́ tìrélà kọ́ ni wọ́n ti ń bára wọn rìn bí ọ̀rẹ́.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti ya á sílẹ̀ tán, ṣé kí n bọ́ síwájú rẹ̀ kíá?

Rárá, ẹ jẹ́ kí iná iwájú rẹ̀ méjèèjì yọ nínú dígí yín ná. Tí ẹ bá já lù ú níwájú, ẹ ti tún wọ kọ̀rọ̀. Nínú ìṣirò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, tí mọ́tò kékeré bá ń sá kìlómítà 105 ní wákàtí, ó nílò nǹkan bíi mítà 96 kó tó dúró; tìrélà tó kún nílò nǹkan bíi 160. Bíréèkì tó pé lórí títì gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ irú bíréèkì tó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́nà wa.

Ìbéèrè: Alẹ́ ńkọ́?

Lálẹ́, àwa la máa ń fọ́jú. Tìrélà tó bàjẹ́ á wà lójú títì láìsí iná, ewé díẹ̀ tí wọ́n já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ìkìlọ̀. Ẹni tó ń sáré bọ̀ láti Òmùò sí Kábà kò ní rí i títí yóò fi dé ìdí rẹ̀. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé ìdí tìrélà ga ju imú mọ́tò lọ. Irin iwájú mọ́tò tí ì bá gba ìkọlù náà á wọ abẹ́ ẹ̀ láìkan nǹkan kan, dígí àti orí èèyàn ló máa kọ́kọ́ pàdé irin. Bí òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà nì, Jayne Mansfield, ṣe kú nìyẹn ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní oṣù Kẹfà ọdún 1967. Àwọn àgbà mẹ́ta tó wà níwájú kú, àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn yè é. Irin tí wọ́n ń so sí ìsàlẹ̀ ìdí tìrélà kí mọ́tò má baà wọ abẹ́ ẹ̀, orúkọ rẹ̀ làwọn èèyàn ṣì fi ń pè é níbẹ̀ dòní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí tìrélà tó bá tún dúró nítòsí yín. Mo ti rí èyí tí irin náà ti wọ́ bí ìwọ̀ ẹja, mo ti rí èyí tí wọ́n ti gé e kúrò.

Tí ẹ bá rí èyí tó dúró sójú títì lálẹ́ láìsí àmì, 122 ni nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

Ìbéèrè: Ṣé kámẹ́rà ò ní yanjú gbogbo èyí?

Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù Keje ọdún 2024, ọkọ̀ akẹ́rù tuntun tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé èèyàn tàbí kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí àwọn yẹn tó di tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, bí wọn ò bá ti tú ẹ̀rọ náà tà lójú ọ̀nà.

Ohun tí àwa ní ni mọ́tò bọ́ì. Àwọn èèyàn rò pé ẹrù àti taya nìkan ló wà fún. Ojú ọ̀tún ọkọ̀ ni. Òun ló jókòó síbi tí awakọ̀ kò rí, òun ló máa yọrí lójú fèrèsé, tó máa pariwo "dúró, dúró, ọ̀kadà wà!" Bó bá ti sùn lọ, ọkọ̀ náà ti fọ́jú kan.

Ọjọ́ tiwa ní Kábà, ó ń sùn. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀ wa, awakọ̀ jí i, ó ju àkísà lù ú. Ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó pọn omi sórí dígí ọ̀tún, ó nù ún, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká bí ọmọ mi ṣe rìn ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó mọ́! Máa lọ!" Wọ́n lọ. Owó pánẹ́ẹ̀lì bítà, a pín in sí méjì.