Ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò pè ní òfò pátápátá lè má tíì kú

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ́tò ní Òṣogbo pé bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá ti pe ọkọ̀ tó ní ìjàm̀bá ní òfò pátápátá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọkọ̀ náà kò ṣe é tún ṣe mọ́. Inú ìgbàgbọ́ yìí ni àṣìṣe méjì ti ń jáde. Àwọn kan á gba iye yòówù tí wọ́n bá nà sí wọn, nítorí wọ́n rò pé kò sí ohun tí ènìyàn ń dú lára òkú irin. Àwọn mìíràn á pe pánẹ́ẹ̀lì-bítà wọn, ìyẹn á yí ọkọ̀ ká, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n, á tún rìn," wọ́n á sì gbà pé irọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà ń pa. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ń sọ bóyá irin náà ṣeé nà. Ilé-iṣẹ́ ń sọ èyí tí yóò dín ìnáwó òun kù.

Ká ní ọkọ̀ Corolla kan tó mílíọ̀nù 6 náírà lọ́jà kí ó tó ní ìjàm̀bá lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, pé àtúnṣe rẹ̀ yóò gba mílíọ̀nù 4.8, àti pé ẹni tó ń ra ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ṣetán láti fi mílíọ̀nù 1.8 gbé e bó ṣe wà. Bí ilé-iṣẹ́ bá tún un ṣe, mílíọ̀nù 4.8 ni yóò jáde lápò wọn, ó sì lè lé sí i bí mẹkáníìkì bá tún bá àléébù mìíràn pàdé lẹ́yìn tó bá ti tú iwájú ọkọ̀, èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá san mílíọ̀nù 6, tí wọ́n gba ọkọ̀, tí wọ́n sì tà á, mílíọ̀nù 4.2 ni àdánù wọn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ fi lè di òfò pátápátá lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń fi yangàn ní Ọláìyá ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà ti pè bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n sì ti lu ní gbàǹjo kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun onímọ́tò jù ni iye tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé àdéhùn. Iye tí ọkọ̀ tó lọ́jà ní kété kí ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń san, kì í ṣe iye tí a fi rà á, kò sì ní kọjá iye tó wà nínú ìwé. Àjọ NAICOM, tó ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé owó ọdọọdún fún comprehensive, ìyẹn àdéhùn tó kan ọkọ̀ onímọ́tò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ tí a kọ sínú ìwé. Ẹni tó bá kọ mílíọ̀nù 6 yóò san 300,000 náírà ó kéré tán, ẹni tó bá sì kọ mílíọ̀nù 2.5 sórí irú ọkọ̀ kan náà lè san 125,000. Ìyàtọ̀ náà máa ń dùn mọ́ni lọ́jọ́ tí à ń sanwó. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, ẹ̀yà ọkọ̀ ti gbówó lérí, àwọn kan sì ń tún ìwé wọn ṣe lọ́dọọdún láìyí iye àtijọ́ padà. Bọ́ńpà, iná iwájú méjèèjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti rédíétọ̀, tí kò yẹ kó pa ọkọ̀ kankan, lè wá gba owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù 2.5 yẹn, ọkọ̀ á sì di òfò pátápátá nítorí owó tí a fẹ́ ṣọ́ jẹ. Ní tèmi, àwọn aṣojú tó ń bá wa kọ ìwé náà pín nínú ẹ̀bi yìí, nítorí àlàyé rẹ̀ kò le.

Ẹni tó ní third party nìkan kò ní ìpinnu kankan láti ṣe níhìn-ín. Owó 15,000 náírà tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ àdáni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 wà fún àdánù ẹlòmíràn, kò kan ọkọ̀ tirẹ̀.

Ẹni tó ní comprehensive lè gba owó pé, kó sì kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́, tàbí kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì yọ iye rẹ̀ kúrò. Nínú àpẹẹrẹ wa, yóò gba mílíọ̀nù 4.2 pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ó jọ èrè, ṣùgbọ́n ó ti fi mílíọ̀nù 1.8 ra ọkọ̀ náà padà. Bí àtúnṣe bá tún gba mílíọ̀nù 4.8, ó ti ná mílíọ̀nù 6.6 sórí ọkọ̀ tí kò ní tó mílíọ̀nù 6 mọ́ lójú ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀. Bí pánẹ́ẹ̀lì-bítà rẹ̀ bá lè fi ẹ̀yà tòkunbọ̀ ṣe é ní mílíọ̀nù 3, tó sì jẹ́ ara ọkọ̀ nìkan ló bàjẹ́, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ṣáṣì bá ti wọ́, tàbí tí omi ti bo ọkọ̀ dé dáṣíbọ́ọ̀dù, èrò tèmi ni pé kó gba owó. Ti airbag tó ti bẹ́ tún nílò àfiyèsí, nítorí àwọn kan máa ń bo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù padà láìfi òmíràn sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ọgbọ́n rẹ́wáyà pa iná ìkìlọ̀ rẹ̀.

Kí wọ́n tó fìdí iye múlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ohunkóhun lára ọkọ̀, ìbáà jẹ́ bátìrì. Bí iye tí wọ́n dá kò bá tẹ́ onímọ́tò lọ́rùn, kó kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú iye tí irú ọkọ̀ náà ń lọ lọ́jà, kó sì má buwọ́ lu ìwé pé òun ti gba ẹ̀tọ́ òun tán títí wọn ó fi fẹnu kò. Bí wọ́n bá ti san owó òfò pátápátá, àdéhùn ọdún náà sábà máa ń parí lórí ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ rẹ̀ padà ní láti ra àdéhùn mìíràn, ó kéré tán third party tí òfin béèrè, kó tó tún wà á bọ́ sí títì.